ÀJÀRÀ GBÍGBẸ: Ẹ̀kọ́ fún àgbẹ̀ Ìbàdàn nípa sísá irè oko

1. Ìbéèrè tí ó mú wa kọ ìwé yìí

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, bàbá àgbẹ̀ kan láti ìhà Mọ́níyà tọ̀ wá wá pẹ̀lú ọ̀rá kékeré kan ní ọwọ́ rẹ̀. Èso àjàrà gbígbẹ ni ó wà nínú ọ̀rá náà. Ó dúdú, ó rọ̀, ó sì dùn bí oyin. Ọmọ rẹ̀ ni ó rà á ní ilé ìtajà ńlá kan ní Ring Road. Bàbá náà ti gbọ́ iye tí wọ́n rà á, ó sì yà á lẹ́nu púpọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, oòrùn tí ń ràn lọ́hùn-ún náà ni ó ń ràn níhìn-ín. Mo ní ilẹ̀, mo sì ní ọmọ tí yóò bá mi ṣiṣẹ́. Bí mo bá gé igi kòkó mi, tí mo sì gbin àjàrà sí ipò rẹ̀, ṣé n kò ní í là?”

A dá a lóhùn pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gé igi kankan. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ń mú àjàrà gbẹ ní ilẹ̀ àwọn tí ń ṣe é.”

Ìwé yìí ni àlàyé tí a ṣe fún un. A kọ ọ́ nítorí pé ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn àgbà wa sọ pé ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí a wo ilẹ̀, òjò àti afẹ́fẹ́ kí a tó yan ohun tí a ó gbìn. Ẹni tí ó bá ka ìwé yìí dé òpin yóò mọ ìdí tí àjàrà gbígbẹ kì í fi í ṣe òwò ilẹ̀ Ìbàdàn, yóò sì mọ bí ọgbọ́n àwọn tí ń ṣe é ṣe lè gba ata, tòmátò, èlùbọ́ àti kòkó rẹ̀ là lọ́wọ́ ìbàjẹ́.

2. Irú ohun ọ̀gbìn tí àjàrà jẹ́

Orúkọ àjàrà kò ṣàjèjì sí wa, nítorí ó pọ̀ nínú Bíbélì Mímọ́. Nígbà tí Ábígẹ́lì lọ pàdé Dáfídì láti tù ú nínú, 100 ṣírì àjàrà gbígbẹ wà nínú ẹ̀bùn tí ó kó dání. Nítorí náà, ọgbọ́n sísá àjàrà ti pẹ́ ní ayé.

Àjàrà jẹ́ igi tí ń fà bí okùn, tí ó sì ń fẹ́ kí a fi igi tàbí wáyà gbé òun ró. Ó fẹ́ oòrùn púpọ̀. Ó fẹ́ omi ní gbòǹgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí omi dúró pẹ́ lára ewé àti èso rẹ̀. Ó tún fẹ́ ìgbà ìsinmi lọ́dọọdún. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, ewé rẹ̀ a wọ́ dànù ní ìgbà òtútù, igi náà a sì sùn títí ooru yóò fi padà dé.

Bí a bá ká èso àjàrà tútù, tí a sì pín ìwọ̀n rẹ̀ sí ọ̀nà 100, bí 80 nínú rẹ̀ ni omi. Nígbà tí ó bá gbẹ tán, omi tí ó kù kò ju bí 15 nínú 100 lọ. Nítorí náà, ènìyàn níláti sá àjàrà tútù kílò 4 tàbí 5 kí ó tó rí kílò 1 gbígbẹ. Kí àgbẹ̀ fi ìṣirò yìí sọ́kàn: owó tí ó wà lórí ọ̀rá kékeré náà, owó ìdì ńlá tútù ni, pẹ̀lú owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́.

3. Ilẹ̀ gbígbẹ mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn rìnrìn-àjò lọ sí ibi mẹ́ta tí àjàrà ti ń ṣe dáadáa.

Èkíní ni àfonífojì Turpan, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn àríwá ilẹ̀ Ṣáínà. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ ní ọdún kan kò tó mìlímítà 20. Omi yìnyín tí ń yọ́ láti orí òkè ni wọ́n ń gbà wá sí oko nínú ihò gígùn tí àwọn baba wọn gbẹ́ sí abẹ́ ilẹ̀, kí oòrùn má ba à fà á gbẹ lójú ọ̀nà. Kì í ṣe inú oòrùn ni wọ́n ń sá àjàrà wọn sí. Wọ́n a kọ́ ilé bíríkì amọ̀ tí ògiri rẹ̀ kún fún ihò bí ajere, wọ́n a fi ìdì àjàrà kọ́ sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì máa gba ihò wọlé, a máa gba ihò jáde. Láàrin bí 30 sí 40 ọjọ́, àjàrà náà a gbẹ nínú òjìji, àwọ̀ ewé rẹ̀ a sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀.

Èkejì ni àfonífojì San Joaquin, ní agbègbè ìlú Fresno, ní Kalifọ́níà ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí mìlímítà 280 ni òjò ọdún kan níbẹ̀, ìgbà òtútù sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń rọ̀, lẹ́yìn tí a ti kórè tán. Àjàrà tí kò ní kóró, èyí tí a ń pè ní Thompson Seedless, ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ti wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà láti ìgbà pípẹ́ ni pé wọ́n a ká a ní ìparí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, wọ́n a sì tẹ́ ẹ sórí bébà láàrin ẹsẹ̀ igi, nínú oòrùn, fún bí ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀rù ní àkókò náà, òun ni òjò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, òjò rọ̀ nígbà tí àjàrà ṣì wà nílẹ̀, ó sì ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ irè ọdún náà jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni agbègbè Petrolina, lẹ́bàá odò São Francisco, ní ilẹ̀ Bràsíl. Èyí ni ó yẹ kí àgbẹ̀ Ìbàdàn fi ara balẹ̀ wò jù. Petrolina kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ju bí Ìbàdàn ti jìnnà lọ lọ́nà tí ó ṣe pàtàkì: ti Ìbàdàn jẹ́ dígírì 7 ní ìhà àríwá, ti Petrolina sì jẹ́ dígírì 9 ní ìhà gúúsù. Kò sí òtútù níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí níhìn-ín. Síbẹ̀, wọ́n ń kórè àjàrà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún fún jíjẹ tútù àti fún wáìnì. Kí ni ó fà á? Òjò wọn kò ju bí mìlímítà 500 lọ ní ọdún kan, omi odò ni wọ́n sì fi ń bomi rin oko. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí igi sinmi, wọ́n a dín omi kù. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ó jí, wọ́n a gé ẹ̀ka rẹ̀. Àgbẹ̀ ni ó ń pàṣẹ fún omi níbẹ̀.

4. Ìdí tí ọ̀ràn Ìbàdàn fi yàtọ̀

Òjò Ìbàdàn lé ní mìlímítà 1,200 ní ọdún kan. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó a sì tún padà títí di oṣù kẹwàá. Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún omi.

Nígbà tí ewé àjàrà bá wà ní tútù ní gbogbo ìgbà, àrùn a mú un. Èyí tí ó burú jù nínú àwọn àrùn náà a máa fi àmì ràkọ̀ràkọ̀ sí ojú ewé, a sì máa hu funfun bí ìyẹ̀fun sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ewé a gbẹ, a sì wọ́ dànù kí èso tó gbó. Èso tí ó bá sì pọ́n nínú òjò a máa sán, kòkòrò a sì wọ inú rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bàbá àgbẹ̀ wa jẹ́ òtítọ́ ní apá kan. Oòrùn wà níhìn-ín lóòótọ́. Ohun tí kò sí níhìn-ín fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí gan-an sì ni ó ń ṣe àjàrà gbígbẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kì bá tí gbẹ nínú òjìji ilé ní Turpan.

5. Ohun tí ń mú nǹkan gbẹ

Àwọn ènìyàn rò pé oòrùn ni ó ń gbé omi kúrò lára ohun tí a bá sá. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Oòrùn ń mú un gbóná ni. Afẹ́fẹ́ ni alárù tí ń gbé omi náà lọ. Alárù tí ẹrù ti kún orí rẹ̀ kò lè gba ẹrù mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin ti kún inú rẹ̀ kò lè gba omi lára ata wa, bí ó tilẹ̀ gbóná tó. Alárù tí ó sì dúró sí ojú kan kò gbé ẹrù lọ síbi kankan. Nítorí náà ni afẹ́fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ máa rìn.

Bí a bá mú afẹ́fẹ́ gbóná sí i, agbára alárù náà a pọ̀ sí i. Bí ooru rẹ̀ bá fi nǹkan bí dígírì 11 ti Celsius lé sí i, omi tí ó lè gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Èyí ni àǹfààní oòrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, tí afẹ́fẹ́ sì tutù, agbára rẹ̀ a dín kù, a sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ẹrù tí ó sọ kalẹ̀ yìí ni à ń pè ní ìrì. Bí ata wa bá wà níta, orí ata náà ni yóò sọ ọ́ lé. Ẹni tí ó sá nǹkan láti àárọ̀ di alẹ́, tí ó sì fi í sílẹ̀ sínú ìrì, ó fi ọwọ́ òsì gba ohun tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún lé lọ.

Ní àkókò ọyẹ́, láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, afẹ́fẹ́ láti aṣálẹ̀ ń fẹ́ dé Ìbàdàn. Ètè a máa sán, aṣọ a máa gbẹ kíákíá. Ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, Ìbàdàn fi ara jọ àfonífojì gbígbẹ díẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá lásán.

6. Ewu tí ó wà nínú ohun tí kò gbẹ tán

Oúnjẹ tí kò gbẹ tán a máa bu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a nu ìbàjẹ́ náà kúrò lójú, wọn a tún un sá, wọn a sì tà á tàbí kí wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ohun tí ń hù lára oúnjẹ tí ó bu, òmíràn wà tí ń pèsè májèlé tí a ń pè ní aflatoxin. Ojú kò rí i, iná ìdáná wa kì í sì í pa á tán. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí májèlé yìí wà nínú rẹ̀; láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2004, àgbàdo tí a tọ́jú nínú ọ̀rinrin mú kí ènìyàn 317 ṣàìsàn ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, 125 nínú wọn sì kú. Ẹni tí ó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Àwọn olùwádìí ti rí májèlé yìí nínú èlùbọ́ tí a rà ní ọjà ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Àjàrà pàápàá ní irú tirẹ̀, tí a ń pè ní ochratoxin, bí a kò bá sá a dáadáa.

Ní Ìbàdàn níhìn-ín, àwọn onímọ̀ IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ wọn ti ṣe ohun kan tí a ń pè ní Aflasafe, tí a ń fọ́n sínú oko àgbàdo àti ẹ̀pà kí májèlé náà lè dín kù. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ sísá.

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a dáhùn: kí ni ó dé tí àjàrà gbígbẹ fi lè ní omi 15 nínú 100 tí kò sì bu, nígbà tí kòkó tí ó ní ju 8 lọ yóò bu? Ṣúgà ni ó fà á. Ṣúgà tí ó pọ̀ nínú àjàrà di omi tí ó kù mú ṣinṣin, tí ohun tí ń ba oúnjẹ jẹ́ kò fi lè rí i mu. Èlùbọ́, ata àti kòkó kò ní irú ṣúgà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ sá wọn gbẹ ju àjàrà lọ.

7. Òfin mẹ́fà fún sísá irè oko

(1) Ẹ ṣa èyí tí ó ti jẹrà tàbí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Ẹyọ kan tí ó bàjẹ́ a máa ba ìyókù jẹ́.

(2) Ẹ gé e ní tínrín, kí ó sì dọ́gba. Bí òmíràn bá nípọn tí òmíràn sì fẹ́lẹ́, èyí tí ó nípọn yóò gbé omi wọ inú àpò.

(3) Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ fi igi ṣe pẹpẹ tí ó ga dé ìbàdí ènìyàn, kí ẹ sì ta ẹní onihò tàbí nẹ́ẹ̀tì sórí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ìsàlẹ̀ kọjá. Ọ̀dà ojú títì gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku, èéfín ọkọ̀, epo àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni ohun tí ó wà níbẹ̀ láti fi sínú oúnjẹ ọmọ wa. Ẹ̀yin tí ń gbé Agbowó àti Bódìjà, tí ẹ kò ní àgbàlá, ẹ lè gbé pẹpẹ bẹ́ẹ̀ sí orí òrùlé alámẹ́ńtì.

(4) Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì máa yí i padà ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́.

(5) Ẹ bò ó tàbí kí ẹ kó o wọlé kí oòrùn tó wọ̀ àti nígbàkígbà tí òjò bá ṣú. Ẹ má ṣe tún tẹ́ ẹ títí ìrì àárọ̀ yóò fi gbẹ tán.

(6) Ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó dì í. Ohun tí a bá dì ní gbígbóná a máa làágùn nínú àpò, òógùn náà ni yóò sì mú un bu. Ẹ gbé àpò lé orí igi, kì í ṣe orí ilẹ̀ tàbí ara ògiri.

Ẹni tí ó bá ní agbára díẹ̀ sí i lè kan àpótí ìsáǹkan. Ẹ kan àpótí pákó tí ó fẹ̀, kí ẹ kun ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ ní dúdú, kí ẹ gbé àtẹ onínẹ́ẹ̀tì sí àárín rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rá funfun tí oòrùn lè là kọjá bo orí rẹ̀ ní dídagẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí ihò sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ níwájú, kí ẹ sì ṣí òmíràn ní òkè lẹ́yìn, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ihò méjèèjì nítorí eṣinṣin. Afẹ́fẹ́ tútù a gba ìsàlẹ̀ wọlé, a gbóná, a gbé omi, a sì gba òkè jáde. Ilé Turpan ni a kó sínú àpótí yìí. Ẹ má ṣe dí ihò rẹ̀ nítorí kí ó lè gbóná sí i. Bí a bá dí i, alárù kò rí ọ̀nà jáde mọ́.

8. Irè kọ̀ọ̀kan

*Ata.* Ara ata ní epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí kì í jẹ́ kí omi jáde kíákíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara àjàrà. Ní ìhà Manisa ní ilẹ̀ Tọ́kì, wọ́n a máa ri àjàrà bọ omi tí a fi pótáṣì àti òróró ólífì sí, kí awọ rẹ̀ lè gba omi láyè, ọjọ́ tí wọn yóò fi sá a a sì dín kù. Fún ata tiwa, omi gbígbóná ti tó: ẹ ri í bọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì là á sí méjì bí ó bá tóbi. Ata tí ó gbẹ a máa dún bí a bá mì í, a sì máa rún bí a bá tẹ̀ ẹ́.

*Tòmátò.* Ẹni tí ó bá mọ ọjà Bódìjà mọ bí tòmátò ti í pọ̀ ní àkókò rẹ̀, tí apẹ̀rẹ̀ kan a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹni rà á, tí ó sì máa ń jẹrà sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn ìyá kan náà a fi owó ńlá wá a. Omi bí 94 nínú 100 ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà kílò 15 sí 20 ni yóò di kílò 1. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ wọ́n ọn, kí ẹ sì sá a nínú àpótí. Ọyẹ́ ni àkókò tí ó dára jù fún un. Ẹ má ṣe dán an wò ní ojú ọjọ́ òjò láìní àpótí, nítorí yóò bu kí ó tó gbẹ.

*Èlùbọ́.* Àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ yìí ju wa lọ. Wọ́n mọ bí a ti ń bó iṣu, bí a ti ń gé e, àti bí a ti ń rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ di ọjọ́ kejì. Ohun tí a fẹ́ fi kún un ni pé kí wọ́n gé e ní tínrín sí i, kí wọ́n sì sá a lórí pẹpẹ. Iṣu tí ó gbẹ a máa ró pá bí a bá ṣẹ́ ẹ, inú rẹ̀ a sì dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá rọ̀ tàbí tí ó dúdú, kò tíì tó gbé lọ sí ilé ẹ̀rọ.

*Àgbàdo.* Ẹ bu àgbàdo díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, kí ẹ dé e, kí ẹ sì mì í dáadáa. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ṣì ju 15 nínú 100 lọ. Ẹ tún un sá.

*Kòkó.* Owó kòkó ni a fi kọ́ Ilé Kòkó tí ó ga ní Dùgbẹ̀, tí a parí ní ọdún 1965. Ìhà Ìdí-Ayunrẹ́ ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kòkó rere ni ó ń di yẹpẹrẹ lórí ẹní. Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ 5 tàbí 6, kí ẹ sì máa yí i. Lẹ́yìn náà, ẹ sá a lórí ẹní gíga. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ooru má ṣe pọ̀ lápọ̀jù, nítorí bí èèpo bá tètè le, omi àti ìkan a há sínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi iná ràn án lọ́wọ́ ní àkókò òjò, kí èéfín má ṣe kàn án rárá. Òórùn èéfín kì í kúrò lára kòkó mọ́. Kí omi tí ó kù nínú rẹ̀ jẹ́ bí 7 nínú 100. Bí a bá fún un ní ọwọ́, a máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

9. Fún ẹni tí ó ṣì fẹ́ gbin àjàrà

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbin igi àjàrà kan sí àgbàlá rẹ̀ fún òjìji àti fún èso jíjẹ. Ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn àárọ̀ ti lè tètè gbẹ ìrì ara ewé rẹ̀, tí omi kì í sì í dúró. Ẹ fà á lórí wáyà, kí ewé rẹ̀ má ṣe ṣù jọ. Láti ìgbà tí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ títí èso yóò fi pọ́n ní ilẹ̀ olóoru tó nǹkan bí oṣù 4. Nítorí náà, bí a bá gé e ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ó yẹ kí èso pọ́n ní oṣù kìíní tàbí ìkejì, nígbà tí ọyẹ́ wà. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí ẹyẹ. Ẹ jẹ èso náà ní tútù. Má ṣe fi kílò 5 wá kílò 1. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ràn sí i nípa èso, ilé-iṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé oko tí ń bọ́ ọ nítorí rẹ̀.

10. Ọ̀rọ̀ ìparí

Bàbá àgbẹ̀ wa padà sí oko rẹ̀, kò sì gé kòkó rẹ̀. Ó kan pẹpẹ méjì tí ó ga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkó wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí ó tún wá, ata gbígbẹ ni ó wà nínú ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀. Ó mì í sí etí wa, ó sì dún. Ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbọ́ àjàrà mi.”

Kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Kí ni ó dé tí àjàrà fi lè gbẹ nínú òjìji ní Turpan?
2. Petrolina gbóná bí Ìbàdàn. Kí ni ó mú kí àjàrà ṣe dáadáa níbẹ̀?
3. Ta ni alárù tí ń gbé omi lọ, kí sì ni ó ń ṣe ní alẹ́?
4. Kí ni ó dé tí kòkó fi gbọ́dọ̀ gbẹ ju àjàrà lọ?
5. Ọ̀nà wo ni ìwọ yóò gbà mọ̀ pé èlùbọ́ ilé yín gbẹ tán?